Kútẹ́ẹ̀sì Ẹnu Ìbọn

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, èékánná ọwọ́ òsì nìkan ni aránṣọ náà tíì kùn. Ọwọ́ ọ̀tún ń dúró de ọkọ rẹ̀, nítorí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò mọ búrọ́ọ̀ṣì í dì mú, ọkọ rẹ̀ ni ó sì máa ń bá a kun ọ̀tún ní ọ̀sán Sátidé. Ìgò kútẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ọsàn wà ní ṣíṣí lórí tábìlì ìránṣọ nígbà tí ọkùnrin tí ó ń bá ọkọ rẹ̀ tún fíríìjì ṣe wọlé, fìlà lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."

Ó ti mọ̀. Ta ní í ní kí onílé jókòó nínú ilé ara rẹ̀, bí kò bá ṣe ẹni tí ó ru ẹrù wúwo wá? Níwájú fíríìjì tí ó ń tún ṣe ni ọkàn ọkọ rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, sípánà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò lè fọwọ́ kan ìgò náà mọ́. Kò sì lè wo òkè kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ìbọn ọkọ rẹ̀ wà.

Ìbọn ìṣeré ni o. Ọta ike róbótó tí kò tó hóró àgbàdo ni ó ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é mọṣẹ́: ó wúwo, ó tutù lọ́wọ́, ó sì ń dún kẹ̀kẹ̀ bí a bá fa ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí eku bá wọlé ṣe ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un, fẹ́ràn ìbọn yìí bí ọmọ tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn baba ọlọ́mọ onírùngbọ̀n funfun, á fi awò bo ojú, wọ́n á máa sá pamọ́ fún ara wọn nínú ilé-iṣẹ́ bíríkì kan tí ó ti di ahoro. Ọ̀gágun ni wọ́n ń pè é. Ọta ike náà kì í dápàá sí aṣọ, nítorí náà, ẹni tí ó bà ni yóò fúnra rẹ̀ nawọ́ sókè, kí ó wí pé, "Ó bà mí!" Ẹni tí kò bá lè wí i, wọn kì í bá a ṣeré mọ́.

Ọjọ́ tí ọkọ kọ́kọ́ gbé e wálé, orí tábìlì ìdáná ni ó gbé e lé. Ìyàwó rí i, ó figbe ta, ó bẹ́ jáde láìwọ bàtà. Ọkọ rẹ́rìn-ín títí, kí ẹ̀rín tó kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bí ìwọ tí o mọ̀ mí bá lè sá báyìí, kí ni ẹni tí kò mọ̀ mí máa ṣe?"

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti kun èékánná ìyàwó rẹ̀ tán, á fi kútẹ́ẹ̀sì náà kun ẹnu ìbọn kí ó lè hàn pé ìṣeré ni, á fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó gbẹ, á sì fi í sínú àpò tí ìyàwó rán fún un kí ó tó bọ́ síta.

"Ìyàwó méjì ni mo fẹ́," ni ó máa ń wí. "Kútẹ́ẹ̀sì kan náà ni mo sì ń rà fún wọn. Ṣé o rí i pé n kì í ṣojúsàájú?"

Ní Sátidé kan, Akọ̀wé dé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni; aránṣọ ni ó fún un ní orúkọ náà nígbà tí ó di ìyàwó ilé, nítorí iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó ń ṣe.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìrọ́jú. Mo wá gbé ìbọn Bọ̀ọ̀dá."

Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ tí òórùn tínà, omi tí a fi ń po ọ̀dà tàbí tí a fi ń nù ún kúrò, fi gba inú ilé kan. Nígbà tí aránṣọ yọjú, Akọ̀wé ti nu kútẹ́ẹ̀sì náà kúrò, ẹnu ìbọn ti dúdú kirikiri.

"Akọ̀wé! Kí lẹ fi í ṣe?"

"Mo tún un ṣe ni. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ ṣeré lónìí láti fi rántí wọn. Èmi ni mo máa gbé e ṣáájú láti ibí dé ọ̀hún, kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ọ̀gágun lẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ìbọn tó kun kútẹ́ẹ̀sì la ó fi yẹ́ wọn sí?"

"Ẹ̀gbọ́n yín fúnra wọn ni wọ́n ń kùn ún."

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ta ni ò mọ̀?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu aránṣọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹnu dúdú yẹn.

"Aṣọ́de tó wà ní ìkóríta, ṣé ó mọ̀ pé Ọ̀gágun kú? Ọlọ́pàá tó bá ṣàdédé yíjú rí yín, ṣé ó máa dúró béèrè bóyá ike ni àbí irin? Ẹ gbọ́, Akọ̀wé. Wọ́n ti wá bá mi lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá yẹn, fìlà lọ́wọ́, wọ́n ní kí n jókòó." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọkọ mi kékeré, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún wá."

Akọ̀wé wo ìbọn, ó wo èékánná aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀: kútẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ṣì kù díẹ̀ lára ti òsì, kò sí nǹkan kan lára ti ọ̀tún. Ó rọra gbé ìbọn náà sílẹ̀, ó sì nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé.

"Ó bà mí," ni ó wí, omi lé ròrò sí i lójú.

Wọ́n wọlé. Kútẹ́ẹ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nínú ìgò. Akọ̀wé kán tínà díẹ̀ sí i, ó sì mì ín títí tí ó fi rọ̀. Aránṣọ fi ọwọ́ ọ̀tún mú búrọ́ọ̀ṣì, ó kun ẹnu ìbọn náà yíká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìfi àyè kankan sílẹ̀. Akọ̀wé ya ẹnu àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dúró.

Aránṣọ tẹrí ba, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbẹ.