Bíréèkì Tí Kò Ké Mọ́

Ojo ni mí lórí kẹ̀kẹ́, mi ò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti rí i pé iwájú mi fẹ́ dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, àyà mi á já, itọ́ á gbẹ lẹ́nu mi. Àbúrò mi obìnrin ló kì mí bọ̀ ọ́.

Ilé ìfowópamọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìjókòó àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ni dókítà bá ní kó máa gun kẹ̀kẹ́. Ẹlòmíì á gùn ún, á sì dákẹ́. Àbúrò mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n, gbogbo ilé sì ń pè é ní Ọ̀gá Kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wò mí níbi tí mo jókòó sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin náà ń jókòó pa ara yín ni." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kẹ̀kẹ́ tèmi ti dé.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ ò lópin. Akoto gbọ́dọ̀ bo iwájú orí, kò gbọdọ̀ dà sẹ́yìn bíi fìlà ọ̀mùtí. Okùn rẹ̀ ò gbọdọ̀ dẹ̀ ju kí ìka méjì wọ abẹ́ àgbọ̀n. Ká fọwọ́ tẹ táyà wò ká tó gbéra. Ká wọ ìbọ̀wọ́, torí bí èèyàn bá ṣubú, ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀. Lórí ìsọ̀kalẹ̀, ká sún ìdí sẹ́yìn, ká tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí kọ́nà tó dé, kì í ṣe ìgbà tí a bá ti wọ inú kọ́nà tán. "Ẹ má sì tẹjú mọ́ ihò o, Àǹtí mi. Bí ẹ bá ń wò ó, inú rẹ̀ náà lẹ máa bọ́ sí." Èyí tó wá le jù nínú òfin rẹ̀ ni pé a ò gbọdọ̀ pe ara wa lórúkọ lórí ìsọ̀kalẹ̀, nítorí ẹni tí a bá pè á bojú wẹ̀yìn, ibẹ̀ ló sì máa gbà ṣubú. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló fọwọ́ sí: "Ihò!", "Iyanrìn!" àti "Ọkọ̀!" Ẹni tó bá ti gbọ́ "Ọkọ̀!", kó yà sí etí ọ̀tún, kó má wẹ̀yìn. Mo bi í pé ṣé ogun la ń lọ ni.

Ẹ má rò pé a máa ń gun òkè o. Àwa kọ́. Ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, ló máa ń fi ọkọ̀ tó fi ń kó pákó gbé àwa àti kẹ̀kẹ́ wa lọ sórí òkè ní Sátidé. Á sọ̀ wá kalẹ̀, á wakọ̀ lọ dúró dè wá nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀nà náà ti já sí òpópónà ńlá tí àwọn tírélà ń gbà. Àwa á wá máa bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú fáàrí. Ọkọ mi ní òun ò rí irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ rí, pé mọ́tò ló ń gun òkè, obìnrin ló ń làágùn.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, àbúrò mi wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń di àwọn kẹ̀kẹ́ mú kí wọ́n má baà ha ara wọn. Èmi àti ọkọ mi la jọ wà níwájú. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Ìyàwó," ó ní, "kẹ̀kẹ́ yín méjèèjì tó máa ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, mo ti bá yín pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Lóòótọ́, bí a bá ti tẹ bíréèkì, igbe rẹ̀ máa ń ta èèyàn létí dé ìdí ọpọlọ. Mo ní, "Ẹ ṣeun o, Bàbá wọn." Mi ò bèèrè ohun tó fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ irinṣẹ́, kí ni mo fẹ́ máa bi í?

Lórí òkè, àbúrò mi ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é. Ó tẹ táyà, ó fa okùn akoto mi títí mo fi ní ṣé ó fẹ́ yín mi lọ́rùn ni, ó fún ọwọ́ bíréèkì tèmi, ó fún tirẹ̀. Wọ́n le dáadáa. Ọkọ mi juwọ́ sí wa, ó lọ. Àbúrò mi ṣíwájú, mo tẹ̀lé e.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ò dà púpọ̀. Mo sún ìdí sẹ́yìn, mo tẹ bíréèkì díẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Kò sí nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Ọwọ́ bíréèkì le koko lọ́wọ́ mi, kò rọ̀, àmọ́ kẹ̀kẹ́ ò dúró. Mo fi gbogbo agbára fún méjèèjì pọ̀. Kẹ̀kẹ́ túbọ̀ ń sáré. Kò ké, kò tiẹ̀ kùn.

Mo wolẹ̀. Àwo irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín táyà iwájú, èyí tí bíréèkì máa ń gbá mú, ń dán yanran. Epo ni. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni ọkọ mi ro sí i kó má baà ké mọ́! Mo mọ iṣẹ́ tí epo yẹn ń ṣe. Bó bá kán sí bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi lásán, bẹ́líìtì á kàn máa yọ̀ ni, abẹ́rẹ́ ò ní gbéra. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì sì ni ọkọ mi sọ pé òun bá wa tún ṣe.

Àbúrò mi wà níwájú mi, ó ń rọra kọrin. Kò tíì tẹ bíréèkì rárá. Kì í tẹ̀ ẹ́ títí á fi dé ibi tí ọ̀nà náà ti dà sísàlẹ̀ bí àkàbà, ìgbà yẹn ni yóò sì mọ̀.

Lápá ọ̀tún mi, wọ́n da òkìtì iyanrìn sílẹ̀ fún ilé kan tí wọ́n ń kọ́. Iyanrìn rírọ̀ ni, ó ga tó àyà mi. Mo lè darí kẹ̀kẹ́ sínú rẹ̀ kí n sì mórí bọ́. Ara mi ti ń fà síbẹ̀ kí n tó ní kó fà. Ẹ̀rù bà mí débi pé omi ń jáde lójú mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó síbẹ̀, ta ni máa sọ fún un? Mo ń rí àwọn tírélà tó ń kọjá nísàlẹ̀, wọ́n kéré bíi páálí ìṣáná. Mo kọjá iyanrìn náà. Mo wá ṣe ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ lórí ìsọ̀kalẹ̀.

Atẹ́gùn fẹ́ já akoto gbà lórí mi. Orúkọ àbúrò mi wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Bí mo bá pè é, á bojú wẹ̀yìn. Mo figbe ta: "Ọkọ̀! Ọkọ̀!"

Ó yà sí etí ọ̀tún lójú ẹsẹ̀, kò wẹ̀yìn. Mo rí i tó fún bíréèkì. Mo rí i tó tún fún un. Èjìká rẹ̀ gan, ó sì pariwo, irú ariwo tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ látìgbà tó ti wà ní kékeré.

"Epo ló wà níbẹ̀!" mo kígbe. "Kò lè mú! Wọ inú koríko!"

Pápá koríko gíga kan wà lápá ọ̀tún kí kọ́nà ìkẹyìn tó dé. Bí èèyàn bá kọjá rẹ̀, òpópónà ló kù.

"Àǹtí mi, mi ò lè ṣe é!"

"Má wo ìsàlẹ̀! Koríko ni kí o wò! Koríko!"

Ó wò ó. Orí rẹ̀ yí, kẹ̀kẹ́ yí tẹ̀ lé orí. Ó fò kọjá etí títì, mi ò sì rí i mọ́.

Ó yẹ kí n máa wo ọ̀nà tèmi, mi ò wò ó. Ibi tí àbúrò mi wọlẹ̀ sí ni ojú mi wà, ibẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ sì gbé mi lọ. Nǹkan ha akoto mi ràà, ojú ọ̀run wá sísàlẹ̀, ilẹ̀ lọ sókè, mo sì rí i pé mo ti dùbúlẹ̀.

Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó bà mí lẹ́rù lọ́jọ́ yẹn, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló burú jù. Mo rákò láàárín koríko, ẹnu mi kún fún erùpẹ̀, mo wá ń pe orúkọ rẹ̀ ní àpètúnpè. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ tó wúkọ́. Apá òsì rẹ̀ ká sí ibi tí apá kì í ká sí, akoto rẹ̀ sì ti là.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ wò ó, ìbọ̀wọ́ mi ò tiẹ̀ ya."

Mo dì mọ́ ọn, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún.

Ọkọ mi retí wa títí, nígbà tí kò rí wa ó wakọ̀ padà bọ̀, ó sì bá wa létí títì. Mo sọ fún un, kò sí bí mo ṣe lè fi pa mọ́. Ó fìka kan àwo irin náà, ó wo ìka rẹ̀, ó sì jókòó sínú erùpẹ̀, àgbà ọkùnrin.

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín," ó ní. "Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa yín."

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde," àbúrò mi ní. "Ẹ ò tíì pa wá, apá ló ń ro mí."

Ilé ìwòsàn wà lókè, ọ̀nà yẹn náà la sì gbà padà. A fi àbúrò mi sáàárín wa, ó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gbé apá tó kán dání, bí ẹni pé tiwa ló kán. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ òkìtì iyanrìn yẹn, ọkọ mi dẹwọ́ eré.

"Ìyàwó, ibo lo wà tí o fi mọ̀ pé bíréèkì ò mú?"

Ó ti rẹ̀ mí jù láti ronú. Mo ní, "Mi ò tíì dé ibi iyanrìn yìí."

Ó wo iyanrìn náà, ó wò mí. "O ò tíì dé ibẹ̀? Kí ló dé tí o ò wọ inú rẹ̀?"

Àbúrò mi dákẹ́ lójijì. Ó yí ọrùn, ó ń wo iyanrìn náà gba ojú fèrèsé títí a fi kọjá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára di etí ẹ̀wù mi mú gírígírí, kò sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn tí wọ́n fẹ́ gbé e wọlé, nọ́ọ̀sì ló tú àwọn ìka náà kúrò lára ẹ̀wù mi.