Sólà Onípele Méjì

“Bàbá Munirah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n. Kò lè rí bẹ́ẹ̀.”

Abdulganiyu, àgbà oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Munirah, tún fi ẹnu wáyà mítà kan ẹ̀yìn sólà kékeré náà. Nọ́ńbà kan náà ló jáde. Lábẹ́ gílóòbù ńlá orí tábìlì, sólà tuntun tí wọ́n ṣe fún sátẹ́láìtì, tó tín-ín-rín bí èékánná, kò mú iná tó ìdajì ti àtijọ́ wá.

“Mítà kì í ṣojúsàájú, Ẹnjiníà. Ìwọ lo dúró níwájú mùdíírì lọ́sẹ̀ tó kọjá pé tuntun yìí ni kí wọ́n gbé lọ sójú sánmà.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Abdulmutalib, ẹnjiníà tó ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Ìjábọ̀ tó fọwọ́ sí láàárọ̀ ti wà lọ́wọ́ mùdíírì, ọ̀gá wọn: sólà tuntun kò dára. Bí wọ́n bá ti pe ìrun Alásáárì, wọn yóò fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Oṣù méjì péré ló kù kí ìkáámà rẹ̀, ìwé ìgbélùú, parí. Ta ni yóò tún fún ẹnjiníà tó ń yin ohun tí kò tíì wọ̀n níṣẹ́?

Nígbà tí wọ́n kí ìrun Àìlà tán ní mọ́sálásí àdúgbò Rúwáìsì, oòrùn ìlú Jídà ní Sáúdí pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Munirah fi ìwé ìròyìn borí.

“Yára, jàre! Ọdún mẹ́sàn-án mi rèé níbí, mi ò tíì rí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dúró sínú èyí.”

Abdulmutalib dúró gbagidi.

“Bàbá, kí ló dé tí a fi wọn sólà nínú yàrá?”

“Ibẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rọ amúlétutù wà? Kí lo tún fẹ́?”

“Ìpele méjì ni tuntun ní. Tòkè ń gba ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró, tìsàlẹ̀ ń gba pupa tó bá kọjá sí i. Bí ẹni méjì tó jọ gbé àpótí ni wọ́n rí: ẹni tó lọ́ra ló ń pinnu ìrìn wọn. Gílóòbù wa pọ́n rúsúrúsú, ebi ló ń pa tòkè!”

Wọ́n padà síbi iṣẹ́, wọ́n kó sólà méjèèjì àti mítà, wọ́n gun òrùlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń jó bàtà.

“Ẹ yára, ooru ń dín agbára rẹ̀ kù.”

Bàbá Munirah wo mítà, ó nu ojú, ó tún un wò. Abdulmutalib ṣe ìṣirò. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdá ìmọ́lẹ̀, ti àtijọ́ sọ mẹ́rìnlá di iná. Tuntun sọ mọ́kànlélógún.

“Sùbúhánálláhì,” ni àgbà náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Abdulmutalib fọwọ́ ṣíji bojú, ó gbójú sókè sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ funfun báláú kan ṣoṣo, tí wọ́n ti ń sá fún látọjọ́ yìí, Ọlọ́run ti kó gbogbo àwọ̀ wọ̀nyẹn sínú rẹ̀. Èèyàn sì ti mọ bí a ṣe ń yà wọ́n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi rí iṣẹ́ ṣe.

“Sọ fún mùdíírì pé mítà ló dàrú,” ni Bàbá Munirah wí. “Màá jẹ́rìí sí i.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Mítà kò ṣe nǹkan kan.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, òógùn ṣì ń kán lágbọ̀n rẹ̀, ó kan ìlẹ̀kùn ọ̀gá. Ó fi èdè Lárúbáwá sọ ọ́, kò wo ilẹ̀:

“Mo fẹ́ gba ìjábọ̀ mi padà. Èmi ni mo ṣì í wọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ gòkè, kí ẹ fojú ara yín rí i.”