Kókó Ẹ̀yìn Ìyá Mi

Mi ò lè jókòó. Àga wà níbẹ̀ o, fáànù sì ń fẹ́, àmọ́ ta ló ń rí ti àga rò? Mò ń rìn lọ, mò ń rìn bọ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń yàwòrán inú ara ní Old GRA, títí Testimony, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò, fi ní, "Aunty, abeg sidon." Mo ní kó jẹ́ n gbọ́ràn jàre.

Kókó ló wà lẹ́yìn ìyá mi, lábẹ́ èjìká ọ̀tún. Tó bá nawọ́ síwájú, á yọ gọngọ. Tó bá fa ọwọ́ padà sẹ́yìn, á sá wọlé. Ohun tó ń sá pa mọ́ sára èèyàn, ṣé ó lè jẹ́ nǹkan rere? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí à ń pè ní Ìyá Àríyọ̀, kókó ló ní sọ́mú, ó fi ń ṣeré, jẹjẹrẹ sì gbé e lọ. Látọjọ́ tí mo ti fọwọ́ kan ti màámi, níbi tí mo ti ń bá a fi kàn-ìn-kàn fọ ẹ̀yìn, oorun ti dágbére fún mi. Òun alára ní, "Tẹjú, tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn mí. Fi mí sínú mọ́tò Ìkirè, kí n lọ kú sílé." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ìyá mélòó ni mo ní?

Wọ́n pè wá wọlé. Dókítà Nengi, obìnrin Kalabari kan tí ojú ẹ̀ tutù, da jẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn ìyá mi, ó ń fa ẹ̀rọ kékeré kan kiri ibẹ̀, ó sì ń wo àwòrán tó ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. "Mama, fold your hand for chest." Màámi káwọ́ láyà. Kókó yọ. Dókítà wò ó, ó tún un wò. Mo bi í pé kí ló rí, ó ń gbé ẹ̀rọ lọ sápá kejì.

"Mama, make I check the left side."

"Ó tì o!" Ìyá mi fa aṣọ bo ẹ̀yìn kíá. "Ibẹ̀ yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi í sílẹ̀."

Inú bí mi. "Màámi, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí ṣiṣẹ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Àbí ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó wò mí, ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó jọ̀wọ́ aṣọ.

Dókítà gbé ẹ̀rọ síbẹ̀. Kókó míì! Ó kéré sí ti ọ̀tún, ṣùgbọ́n òun náà nìyẹn gbangba. Mo kígbe, "Yéè! Ó ti ràn! Mo gbé!" Mo di bẹ́ẹ̀dì mú. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, dókítà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kẹ̀? Díẹ̀ ló kù kí n bá a jà.

Ló bá fi pijin là á yé wa. Ó ní kí n wo àwòrán náà dáadáa: ìlà funfun, ìlà dúdú, wọ́n tò tẹ̀ léra bí aṣọ òfì. Ọ̀rá àti ẹran yíyi ló hun ara wọn, ó sì máa ń hù sí àwọn àgbàlagbà níbẹ̀ gan-an, pàápàá obìnrin. Ó ní ká ní ọ̀kan péré ni, òun ì bá ṣì máa wádìí. Àmọ́ bó ṣe wà lápá méjèèjì yìí, níbì kan náà, irú kan náà, ọkàn òun balẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí kò bá ti dùn ún, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kàn án.

Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi ò sunkún ní tiẹ̀. Ó jókòó, jẹ́ẹ̀lì ń ṣàn lẹ́yìn ẹ̀, ó ń wolẹ̀. Ìgbà yẹn ni ara fu mí.

"Màámi, ẹ mọ̀ nípa ti òsì yìí?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí o tó rí ti ọ̀tún."

Háà! Mo pariwo débi pé Testimony yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ì bá ti jẹ́ ká sùn látọjọ́ yìí, ẹ fi bùbá bò ó mọ́lẹ̀! Kí ló dé, Màámi? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?

Ó fa etí ìró ẹ̀, ó fi nu ojú mi.

"Ọ̀kan tí o rí yẹn ni ò jẹ́ kí o sùn. Ṣé kí n tún wá fi ìkejì kún un fún ọ ni?"