Bàbá Ní Ó Pé

Nọ́ọ̀tì méjì ti tú. Ẹ̀kẹta kọ̀ jálẹ̀. Sípánà nà gbalaja lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀, ó ń fi gbogbo agbára fà á, òógùn ń kán sí i lójú. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Sípánà, torí pé irinṣẹ́ náà kì í kúrò lápò rẹ̀. Bó bá sọ àpótí jíà kalẹ̀ tó rí i pé inú rẹ̀ ti jóná, àwọn tó ń ra irin yóò wá wọ́ ọkọ̀ ogbó náà lọ lọ́sàn-án yìí. Bàbá ti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àtìgbà tó ti gbà ni kò ti jẹun kánú mọ́.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí jíà ti ń yọ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Ọkọ̀ ọtomátíìkì ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà. Bó bá wá dé ibi òkè, ẹ́ńjìnnì á máa bú ramúramù, táyà á sì dúró sójú kan. Sípánà kò wọn ọ́ìlì jíà. Bàbá ti ní òun wọ̀n ọ́n, ó pé. Ogójì ọdún ni Bàbá fi tú jíà. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ohun tó bá ti wọ̀n, ẹnì kan kì í tún un wọ̀n.

Bàtà Bàbá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí.

"Mo tún ti wọ̀n ọ́n," Bàbá ní. "Ó pé dáadáa. Tú u, má bẹ̀rù."

Lókè orí Sípánà, ẹ́ńjìnnì tutù, ó dákẹ́ lọ́.

"Bàámi, lánàá ńkọ́? Ṣé ẹ tan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n?"

"Kí n tan án ṣe kí ni? Ta ló ń wọn ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́?"

Sípánà fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ọkùnrin yìí kan náà gbé e dúró lórí àpótí níwájú ọkọ̀ yìí. Ó ní, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, pa ẹ́ńjìnnì kó o tó wọ̀n ọ́n. Ọ́ìlì jíà, jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, kára rẹ̀ gbóná; bó o bá pa á, ọ́ìlì á ṣàn padà wálẹ̀, géèjì tá a fi ń wọ̀n ọ́n á sì purọ́ fún ẹ pé ó pé. Lọ́jọ́ tí Sípánà gbàgbé, Bàbá ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ó dá nọ́ọ̀tì méjèèjì padà, ó sì jáde. Ó tan ọkọ̀, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀pá jíà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dá a padà. Nígbà tára ọkọ̀ gbóná, ó fa géèjì yọ. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì kàn, ìfófòó ló sì pọ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ jíà ń fà dípò ọ́ìlì. Kí ni jíà fẹ́ fi di nǹkan mú? Páìpù ọ́ìlì jíà kékeré kan ló ń jò lẹ́yìn rédíétọ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó da ọ́ìlì sí i títí tó fi pé.

Ọkọ̀ gun òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹkún ló ń gbọ̀n ọ́n. Bọ́gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò, wọ́n máa ń wí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ rèé tó jókòó tì í, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń fọwọ́ lu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Kí ló wá ṣe é?"

"Ọ́ìlì ló dín, Bàámi. Ó yẹ ká tan ẹ́ńjìnnì ká tó wọ̀n ọ́n."

Bàbá rò ó títí. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ta ló kọ́ ẹ?"

Sípánà ń retí ẹ̀rín tó máa ń tẹ̀lé àwàdà Bàbá. Ẹ̀rín ò dé.

"Ọ̀gá mi ni."

"Ọ̀gá ẹ mọṣẹ́."

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, Sípánà kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó nu géèjì mọ́, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ wọ̀n ọ́n, Bàámi," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, èmi náà á tún un wọ̀n."