Èèrà Dá Ẹjọ́ Oògùn Àtọ̀gbẹ

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún 1994, ọ̀rọ̀ oògùn àtọ̀gbẹ kó ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba kan jọ ní Agbowó. Dókítà ní kí wọ́n máa ra abẹ́rẹ́ tuntun fún àwọn aláìsàn. Olóyè Adéyínká, alága wọn, ní ó ti wọ́n jù.

"Èyí tí à ń lò tẹ́lẹ̀ ń kọ́? Ṣé ó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ni?" Ó ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò mìíràn.

Bàbá Fúnlọ́lá, tó ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀, jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ẹbí aláìsàn tó wá gbọ́ ìpàdé. Oògùn àtijọ́ yẹn ni Àbẹ̀ḿbí ìyàwó rẹ̀ lò títí ó fi sùn tí kò jí. Àìsàn kan náà ló tún dá Fúnlọ́lá ọmọ wọn dùbúlẹ̀, kí abẹ́rẹ́ tuntun tí dókítà fún un dán wò tó gbé e dìde. Bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀, ó parí nìyẹn. Aago títúnṣe kò lè ra irú rẹ̀.

Ó dìde. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni àwọn bàbá wa fi ń mọ àtọ̀gbẹ? Èèrà tó ń ṣù bo ìtọ̀ dídùn ni. Ẹ jẹ́ kí èèrà dá a."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wu Olóyè: èèrà kì í gba owó ìjókòó. Wọ́n gbé àwo mẹ́ta sẹ́yìn ilé. Ìtọ̀ Fúnlọ́lá, tí bàbá rẹ̀ gbé wá fún àyẹ̀wò, wà nínú ọ̀kan. Ti Gàfárù ọlọ́dẹ ilé ìwòsàn, tó ń lo oògùn àtijọ́, wà nínú èkejì. Olóyè yà sẹ́yìn ògiri, ó gbé ẹ̀kẹta dé, ó ní kí èèrà lè mọ bí ti ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ṣe ń rí.

Wọ́n yí àwo ká bí ẹni tí ń wo ayò. Èèrà dé. Wọ́n yẹ ti Fúnlọ́lá wò, wọ́n kọjá. Díẹ̀ yà sọ́dọ̀ Gàfárù.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin oníbàárà mi!" ni Gàfárù wí.

Àwọn yòókù, tọmọ tìyá, wọ́ tọ àwo Olóyè lọ bí èrò ọjà Bódìjà. Kò pẹ́ tí àwo náà fi dúdú.

"Olóyè, wọ́n mà fẹ́ràn yín o!"

"Gàfárù, pa ẹnu ẹ mọ́! Èèrà wo ló kàwé?" Olóyè wo àwo, ó wo ìgò ọwọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la ẹnu. "Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Abẹ́rẹ́ tuntun ni. Ó tán."

Bàbá Fúnlọ́lá ń lọ, ó ń ro ohun tí Àbẹ̀ḿbí ì bá sọ, nígbà tí Olóyè fà á lápá lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ bí ti ọmọ iléèwé.

"Bàbá Fúnlọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an lára ni wọ́n ń gún un sí?"

Bàbá wo ikùn Olóyè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ikùn ni, Olóyè. Àyè pọ̀ níbẹ̀."