Àrán Dúdú fún Ojú Ottilie

"Ta ló gbé afọ́jú wá fún mi?"

Ọ̀gá Lenhardt, olùdarí fíìmù, ló kígbe bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìwòran iléeṣẹ́ fíìmù ní Babelsberg, nítòsí Berlin, lọ́dún 1925. Lórí aṣọ funfun iwájú wọn, Ottilie Brachvogel ń sunkún ọkọ tí ogun pa, ṣùgbọ́n ihò funfun méjì ló wà níbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Ojú Ottilie jẹ́ búlúù, fíìmù ayé ìgbà náà kò sì mọ búlúù. Funfun báláú ló ń sọ ọ́ dà. Ìdí nìyẹn tó fi lo ọdún méje lẹ́nu iṣẹ́ yìí bí ìránṣẹ́ tó ń gbé kọfí jáde nínú fíìmù, tó jẹ́ pé ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ni ará Berlin mọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rán ẹni tí kò lójú? Ẹsẹ̀ òṣèré tó yẹ kó ṣe opó náà ló kán, ni wọ́n fi ní kí Ottilie gbìyànjú.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe," Dahlke, àgbàlagbà tó ń fi ẹ̀rọ ya fíìmù, bẹ̀bẹ̀.

"Mo fún yín di ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá tíì lójú nígbà náà, kó padà sídìí kọfí rẹ̀."

Dahlke bá lọ bá Màmá Krahl tó ń tọ́jú aṣọ òṣèré.

"Màmá, ẹ yá mi ní àrán dúdú yẹn."

"Aṣọ ọba? Kẹ́ ẹ fi nu ẹ̀rọ yín? Ẹ tún wá nǹkan mìíràn sọ!"

Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Dahlke lu ihò sí i láàárín, ó ti ojú ẹ̀rọ yọ níbẹ̀, ó sì ta á bí aṣọ ìkélé débi pé òkùnkùn nìkan ló kù níwájú Ottilie. Màmá Krahl káwọ́ lérí.

"Ọmọ mi, má wò mí," Dahlke sọ. "Inú dúdú yẹn ni kó o máa wò, kó lè hàn nínú ojú rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí yí ẹ̀rọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi àwòrán tuntun náà hàn. Opó náà gbórí sókè. Ó lójú! Ojú náà jìn, ó dúdú, ó ń dán bí omi inú kànga, kò sì sẹ́ni tó lè sá fún un nínú yàrá náà. Orí Ottilie wú, ẹ̀rù sì bà á. Màmá Krahl ti gbàgbé àrán rẹ̀, ẹkún ló ń sun. Ọ̀gá Lenhardt ṣí fìlà.

"Kí lorúkọ obìnrin yẹn?" ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò gbójú kúrò lára aṣọ funfun náà.

Ottilie tẹjú mọ́ obìnrin náà bí ẹni tí kò rí i rí. Òun náà ti tẹ́tí sílẹ̀, ó ń retí ẹni tí yóò dáhùn.