Ilé Tí Bàbá Rahinat Kò Lè Wọ̀

Èmi Àmúdátù, bí nǹkan ò bá yé mi, oorun kì í kùn mí. Ọdún 1979 ni. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa wà ní Enugu Road, Sábọ̀n Gàrí, ní Kánò, Rahinat ọmọ wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá ti di Àlàmísì, ọmọ náà kì í tètè ti ilé ìwé dé.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ba komai, Màmá."

Yorùbá ni mo fi bi í, Hausa ló fi ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan.

"Kò sí nǹkan kan ló bu eruku sí ẹ lẹ́sẹ̀ báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ẹ̀yìn mi kọjá.

Mo ní kí Bàdírù, bàbá rẹ̀, tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó padà dé, ojú rẹ̀ le koko.

"Ilé Alhaji kan ní Fagge ló wọ̀."

"Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ṣé orí mi dàrú ni? Ilé tí àwọn ìyàwó kì í jáde, ọkùnrin àjèjì wo ni yóò kọjá yàrá àbáwọlé? Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, n ò rí i. Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò wọ rélùwéè lọ bá ìyá mi ní Ọ̀fà."

Àṣà àwa Yorùbá Kánò nìyẹn. Ọmọ tó bá ti ń bá wa fa ọ̀rọ̀, a ó dì í lẹ́rù ránṣẹ́ sílé, bí ẹni pé wọ́n ń wọn ìwà tà ní Ọ̀fà.

"Bàbá Rahinat, ilé tí ẹ ò wọ̀ lẹ fi ń dájọ́ ọmọ?"

"Kí ni ọmọdébìnrin ń wá nílé Alhaji?"

Èmi náà fẹ́ mọ̀. Ó ń yún mi bí ẹ̀yi. Ṣùgbọ́n obìnrin ni mí. Ta ni yóò dá mi dúró?

Ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, mo fa ìborùn borí, mo tọ ọmọ mi lẹ́yìn. Mo ṣe sàláámù, mo wọlé tààrà. Àwọn obìnrin mẹ́fà jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, olúkúlùkù pẹ̀lú fìlà àti abẹ́rẹ́. Rahinat wà láàárín wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Gwaggo.

"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo níbí!"

Yorùbá tí kì í sọ nílé dé wàyí!

"Èmi tí mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ìwọ wá ń fi ọwọ́ rán fìlà ní Fagge? Kí ló dé tí o ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi?"

"Mo kọ́ ọ. Ṣé ẹ rántí kọ́là tí mo rán wọ́? Ẹ já a gbà, ẹ tún un ṣe. Mo rán òmíràn, ẹ tún já a gbà. Gwaggo kì í já a gbà. Bí mo bá ṣì í, á ní kí n tú u fúnra mi. Fìlà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti tú u."

"O ò ṣe sọ fún mi?"

"Kí ẹ lè wá já eléyìí náà gbà?"

Àwọn obìnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n ka ojú mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Mo gba fìlà náà wò. Ihò wínníwínní yí i ká. Mo rí ibi tó wọ́, ọwọ́ mi ti ń lọ síbi abẹ́rẹ́. Rahinat kàn ń wò mí. Mo fi ọwọ́ náà sábẹ́ itan mi, mo jókòó lé e.

"Ibí yìí wọ́," mo ní.

"Mo ti rí i." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Nígbà tí a mú fìlà náà délé, mo sọ ohun tí mo rí fún Bàdírù.

"Fìlà?"

"Fìlà. Kò lọ sí Ọ̀fà kankan mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo ní kó lọ!"

"Ẹ̀yin náà lẹ ó ní kó dúró."

Ó kùn, ó gba fìlà náà, ó gbé e síwájú iná, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Rahinat, báwo lẹ ṣe ń lu ihò yìí tí aṣọ ò fi ya?"

"Ẹ jókòó, Bàbá, kí n fi hàn yín."

Bàdírù wo ojú mi. Ó fa àpótí, ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀.